Àdéhùn tí A Kò Fẹ́ Túfọ̀

Nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bajulaiye, ìwé kíkà ni iṣẹ́ tèmi. Àwọn ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ. Àwọn ọmọbìnrin méjì ló ń ká bébà tí wọ́n sì ń tò ó léra. Èmi máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo máa ń ka ohun tí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá ti tẹ̀, mo ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ojú mi kì í fo àmì, nítorí náà ni àwọn onímáṣíìnì ṣe ń pè mí ní Ìyá Kọmá. Mo kọ́kọ́ ń bínú sí i. Nígbà tó yá mo ń dáhùn.

A ní òfin kan tí a kì í rú. Kí iṣẹ́ kankan tó gun ẹ̀rọ, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí púrúùfù, ìyẹn bébà ìkẹyìn tí a tẹ̀ jáde fún un kó kà. Bó bá ti fọwọ́ sí i, àṣìṣe yòówù tó bá jáde lẹ́yìn náà, tirẹ̀ ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó tó ku ọ̀la, ẹ̀rọ kò ní yí. Ọ̀gá wa gbé òfin yìí kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi fọ́tò olóògbé kan sórí ìwé ìsìnkú olóògbé mìíràn, tí àwọn ẹbí méjèèjì sì pàdé ní ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Bàbá kan ló jẹ́ kí n mọ bí òfin yìí ṣe lè wúwo tó. Ará Bàrígà ni wọ́n, láti inú ọ̀kan nínú àwọn ìdílé onílẹ̀ àtijọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ń bá àwọn aṣojú ìjọba lọ sí àpérò lókè òkun. Kì í ṣe Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè gbà àti ohun tí wọn kò gbà. Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì ni àpérò náà dá lé: ta ni kò gbọdọ̀ ṣe é, ta ni ó ṣèlérí láti kó tirẹ̀ dànù, ta ni yóò lọ yẹ ilé ẹni wò láti mọ̀ bóyá ó ń parọ́. Bàbá ti kó gbogbo àdéhùn wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan, wọ́n sì ti ṣàlàyé wọn ní èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé náà ni wọ́n gbé wá, wọ́n wé e sínú náílọ́ọ̀nù méjì nítorí òjò tó ń rọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun dání.

Àgbà nínú àwọn onímáṣíìnì wa, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, ka àkọlé ìwé náà, ó wá bi wọ́n léèrè.

“Ańbásẹ́dọ̀, ẹ dákun sà, ta ló ní átọ́míìkì ní Bàrígà?”

Bàbá ní, “Kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o mọ ẹni tó ní in.”

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jẹ́ Ańbásẹ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé àwọn kò dé ipò yẹn rí.

Èmi àti Bàbá la jọ ka ìwé náà. Èmi á kà á sókè, àwọn náà á máa fi ojú bá mi lọ lórí ẹ̀dà tiwọn. Nígbà tí a bá sinmi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí Faranse lọ dán bọ́ǹbù náà wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, kí a tó gba òmìnira. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ẹja ni ìyá wọn ń yan létí ọ̀sà. Àwọn ènìyàn ń sọ káàkiri pé ọyẹ́ ọdún náà ń gbé májèlé bọ̀ láti òkè, ìyá wọn bá fi aṣọ bo ìkòkò omi, ó fi aṣọ bo ẹja, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde ṣeré. Nígbà tí Bàbá dàgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọ àpérò, bí wọ́n bá ti dé, ìyá náà á béèrè bóyá wọ́n ti kó o dànù. Bàbá á fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń jókòó níbẹ̀, wọ́n sì lè tú ká láìfi ẹnu kò lórí gbólóhùn kan. Wọ́n ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn fún ẹni tó ń yan ẹja. Ìyá náà kú kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Èmi náà kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ní orí kìn-ín-ní, mo kà á pé orílẹ̀-èdè márùn-ún ti ní bọ́ǹbù náà kí wọ́n tó kọ àdéhùn àkọ́kọ́. Àwọn yòókù tó wọlé sínú rẹ̀ ṣèlérí pé àwọn kò ní ṣe é, àwọn kò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn yóò sì jẹ́ kí olùyẹ̀wò wá wo ilé àwọn. Àwọn márùn-ún náà ṣèlérí pé àwọn yóò jókòó pẹ̀lú òótọ́ inú láti wá bí àwọn yóò ṣe kó tiwọn kúrò nílẹ̀. Mo gbé bébà sílẹ̀, mo bi Bàbá pé ìgbà wo ni wọ́n dá fún ara wọn.

Bàbá ní wọn kò dá ìgbà.

Mo ní, “Ẹ̀yin wá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, sà?”

“A fọwọ́ sí i. Ìlérí tiwa, a mú un ṣẹ.” Wọ́n wo ìta. “Orílẹ̀-èdè kan wà nílẹ̀ Áfíríkà níbí tó ti ṣe é tán, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Máa kà lọ. Ó wà níwájú.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Bàbá bá wá, àfikún ni wọ́n ń mú wá. Àdéhùn tuntun kan wà tó fi òfin de bọ́ǹbù náà pátápátá, orílẹ̀-èdè tiwa náà wà nínú rẹ̀, bí òmíràn bá sì ti wọlé, Bàbá á wọ kẹ̀kẹ́ wá sọ fún mi kí n fi kún un. Inú wọn máa ń dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń ká bébà.

Lẹ́yìn náà ni yíyọ bẹ̀rẹ̀. Rọ́ṣíà gba òǹtẹ̀ ilé aṣòfin rẹ̀ padà lórí àdéhùn tó ní kí ẹnikẹ́ni má dán bọ́ǹbù wò mọ́. Bàbá wá, wọ́n ní kí n gé orí yẹn kù. Àdéhùn mìíràn, èyí tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà fi kó irú bọ́ǹbù kan kúrò nílẹ̀ pátápátá láyé àtijọ́, ti tú ká ṣáájú ìgbà tí Bàbá mú ìwé wá. Bàbá ti fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé nítorí wọ́n rò pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò tún un ṣe. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní kí n yọ òun náà. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ tó dára ni, kí a fi í sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Yọ ọ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka irọ́ nínú ìwé mi.”

Ìwé náà sì ń tín-ín-rín. Bàbá ti fẹ́ kí ó ní ẹ̀yìn, kí a lè kọ àkọlé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó dúró láàrin àwọn ìwé yòókù lórí pẹpẹ. Ìwé tó bá tín-ín-rín jù kì í ní ẹ̀yìn. Okùn-irin ni a ó fi gún un láàrin bí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà gbé e lọ́wọ́, ó ní ìwé Bàbá ń rù. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dun mi ni pé ohun méjì ni Bàbá ń fẹ́, ohun méjèèjì kò sì gba ara wọn láyè. Wọ́n fẹ́ fi ojú rí ìwé yìí kí wọ́n tó kú. Wọn kò sì ní fọwọ́ sí i títí gbogbo àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ yóò fi jẹ́ èyí tó ṣì dúró. Ìgbàkígbà tí a bá tẹ púrúùfù jáde, ìròyìn á dé, wọ́n á dá a padà. Ọ̀gá wa sọ pé irú oníbàárà báyìí, bí a bá ní méjì, a ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, orí kan ló kù tó ń yọ Bàbá lẹ́nu. Àdéhùn ìkẹyìn láàrin Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà, àwọn méjì tó ní bọ́ǹbù jù, ni orí náà sọ̀rọ̀ lé. Àdéhùn yẹn fi òté lé iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé kalẹ̀, ó sì gba àwọn olùyẹ̀wò láyè láti wọ ibùdó ara wọn lọ kà á. Lóòótọ́ wọ́n ti dáwọ́ yíyẹ ara wọn wò dúró, ṣùgbọ́n òté náà ṣì wà. Àdéhùn náà ní ọjọ́ tí yóò parí, Bàbá sì mọ ọjọ́ náà bí ẹni mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kí a dúró. Bí wọ́n bá sọ ọ́ dọ̀tun, àwọn yóò fi gbólóhùn kan kún un, àwọn yóò sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ní apá ọ̀tún. Ọmọ wọn obìnrin, ẹlẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí, tó ń tọ́jú wọn nílé, ló wá sọ fún wa. Ó ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń béèrè púrúùfù. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n gbé e wá sílé tí ara wọn bá fúyẹ́ díẹ̀.

Bí mo ṣe ń dúró, ọjọ́ àdéhùn náà pé. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀: ọjọ́ rẹ̀ ti parí, kò sí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Mo jáde sí ìta. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ń pín búrẹ́dì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ. Kò sí ẹnì kankan lójú pópó tó sọ ọ́ sí ẹlòmíràn. Ó rí lára mi bí ìgbà tí ènìyàn nìkan gbọ́ pé ẹnìkan kú ní àdúgbò.

Nígbà tí mo dé ilé Bàbá, ọmọ wọn pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní dókítà sọ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ ba Bàbá nínú jẹ́. Àbúrò Bàbá kan ṣoṣo tó kù, tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, ti kú láàrin oṣù náà, wọ́n sì ti fi ìyẹn pamọ́ fún Bàbá. Ó ní òun ti gbé rédíò kúrò nínú yàrá, òun ti sọ kàlẹ́ńdà kalẹ̀ lára ògiri. Bàbá kò mọ ọjọ́ mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé, wọ́n rò pé ọjọ́ àdéhùn náà ṣì wà níwájú.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má túfọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ kà á bó ṣe wà, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n rí ìwé wọn.”

Òkú la máa ń túfọ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi náà, a kì í sọ ikú fún aláìsàn. A ó sọ pé ẹni náà rìnrìn àjò, tàbí kí a sọ pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, títí aláìsàn yóò fi lágbára tó láti gbọ́. N kò rò ó rí pé wọ́n lè ṣe é fún bébà tí orílẹ̀-èdè méjì fọwọ́ sí. Mo ní mo gbọ́.

Bàbá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà. Òórùn ẹja yíyan ń wọlé. Ẹnu wọn ti wọ́ sí apá kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ṣe é gbọ́ bí ènìyàn bá fara balẹ̀. Wọ́n kí mi ní Ìyá Kọmá. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Wọ́n dá mi dúró níbi tí mo ti sáré jù, bí ìṣe wọn. Nígbà tí mo dé orí àwọn méjì náà, mo ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tó sọ pé àdéhùn náà ló kù tó dá wọn dúró.

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè. Wọ́n ní, “Ó ṣì wà?”

Ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò wo ojú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ó wà, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo fẹ́ sọ pé kò sí mọ́, ìyẹn náà kò jáde. Ohun tó jáde ni ohun tí wọ́n kọ́ mi láti kékeré.

Mo ní, “Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn ló rẹ́rìn-ín náà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa àbúrò mi.”

Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá létí ọ̀sà, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí ó fi jìnnà. Omijé ń ṣàn lójú Bàbá sínú ìrọ̀rí, wọn kò sì lè fi ọwọ́ ọ̀tún nù ún. Wọ́n wá béèrè èwo ló kọ́kọ́ lọ.

Mo yíjú sí ọmọ wọn. Ìyẹn kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ gbá férémù ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, “Àbúrò yín ni, Dádì.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n máa kà lọ. Mo ka orí náà tán láìfo ìlà kan: bí àwọn olùyẹ̀wò ṣe ń fò dé ibùdó ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ tipẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka iye bọ́ǹbù, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ara wọn bí ohunkóhun bá kúrò níbi tó wà. Bàbá di ojú. Ní ibì kan wọ́n sọ pé kọmá kan kò sí níbẹ̀. Mo wò ó, lóòótọ́ kò sí. Mo fi í síbẹ̀.

Nígbà tí mo kà á tán, mo béèrè bóyá kí n yọ ọ́.

Wọ́n ní, “Má yọ ọ́. Má sì tẹ̀ ẹ́.”

Ọmọ wọn wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n fi ọwọ́ òsì sàmì sí i, kí wọ́n rí ìwé wọn, pé ènìyàn mélòó ni yóò mọ̀ bóyá orí kan ti kú nínú rẹ̀? Ó fi bíírò sí ọwọ́ wọn. Ọwọ́ náà di bíírò mú, mo tilẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ ṣe é.

Bàbá ní, “Níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà á. Èmi ò gbà á. Ẹ dúró kí wọ́n ṣe òmíràn.”

Wọ́n jẹ́ kí bíírò náà bọ́ sórí aṣọ ibùsùn.

Nígbà tí mo ń jáde, ọmọ wọn kò sìn mí dé ìta. N kò dá a lẹ́bi. Mo rìn gba etí ọ̀sà, púrúùfù náà wà lábẹ́ apá mi, mo ń rò ó bóyá ó sàn kí ènìyàn gbọ́ ikú méjì lẹ́ẹ̀kan tàbí kó gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní.

Bàbá kú kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ kan náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe Mùsùlùmí. Èmi àti àgbà onímáṣíìnì ni a lọ láti ṣọ́ọ̀bù. Òun tó ń fi gbogbo ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kò sọ nǹkan kan lọ, kò sọ nǹkan kan bọ̀, àfi ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó sọ pé òun ì bá ka ìwé náà bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ọmọ Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti rù. A kí ara wa, kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ó ní òun rò pé òun lè fọwọ́ sí i nísinsìnyí, òun ni àkọ́bí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí òun pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá àti àwọn ilé-ìwé tó wà ládùúgbò. Mo ní ó lè ṣe é, ọ̀gá wa ti gbà. Mo gbé púrúùfù fún un, mo ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Kò fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, ó ń ka orí àwọn méjì náà, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Ó bi mí bóyá wọ́n ti ṣe òmíràn. Mo ní wọn kò tíì ṣe é. Ó bi mí bóyá wọ́n ń jókòó lórí rẹ̀. Mo ní n kò gbọ́ ohun tó dà bí ìjókòó.

Ariwo ẹ̀rọ bò wá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé, ó tì í padà síwájú mi. Ó ní, “Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, Àǹtí.”

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ń palẹ̀ iṣẹ́ tó pẹ́ mọ́, ó sì ń béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tó kan èmi, ó ní kí ni ìwé Ańbásẹ́dọ̀ ṣì ń dúró dè. Mo ní orílẹ̀-èdè méjì. Ó wò mí bóyá mò ń ṣeré ni, ó sì bọ́ sídìí iṣẹ́ ẹlòmíràn.